Ìrẹsì Ni Mo Ní Kí Wọ́n Sè

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará àtẹlíyè, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ irin. Mo mọ̀ pé sàráà Kúbúrá, ìyàwó mi, ni mo fi pè yín, mo sì rí i bí ojú yín ṣe ń wá abọ́ ìrẹsì kiri. Kò sí ìrẹsì lónìí. Omi ni ó wà nínú ìkòkò yìí, ìyẹ̀fun àgbàdo ni ó wà nínú igbá yẹn. Àdògán tí ìkòkò jókòó lé, èmi fúnra mi ni mo ya àwòrán rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni ẹ sì tò jọ sí ẹnu ọ̀nà láti kó sínú ọkọ̀ lọ sí Pobè, Ṣakété àti Kétu. Kí omi yìí tó hó, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mì, kò sì dà nínú mi. Bí mo bá tún dákẹ́, ọkọ̀ á gbéra, ẹ̀ṣẹ̀ mi á sì di ti gbogbo yín. Pàtíróọ̀nù, ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín. Ràhámátù, àbúrò ìyàwó mi, má dìde. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé àga rẹ sí iwájú.

Èmi Ràzáàkì, tí gbogbo yín ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ni mo kọ́ ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ jù níbí ní iṣẹ́ irin. Mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ṣakété kí n tó gbé òòlù, nítorí náà n kò lè fi àìmọ̀kan bo ara mi. Nígbà tí Pàtíróọ̀nù ní kí a ṣe àdògán tí kì í jẹ èédú púpọ̀, àwòrán tèmi ni ó mú. Mo gbé e ga lórí ẹsẹ̀ irin, kí obìnrin má baà máa tẹ̀ ba sídìí iná. Mo mú ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó lè dùn ún wò. A gbé e sí àárín àgbàlá yìí, a gbé omi kaná lórí rẹ̀, omi náà hó kí ẹni tí ó fẹ́ po tíì tó rí ṣúgà, a sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Ọkùnrin ni gbogbo wa. Omi ni a sè. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó ti ro ọkà rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkà ni a ń jẹ lójoojúmọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Pàtíróọ̀nù mú Ràfíátù wá. Ọmọ Pobè ni, ó ti yunifásítì bọ̀, ohùn rẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ dizáyìn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ní èdè tiwa pé, "Kí a tó dá nǹkan, kí a lọ wo ẹni tí yóò lò ó, níbi tí yóò ti lò ó, kí a wo bí ó ṣe ń lo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ṣẹ̀ríìfù, ìwọ ni o kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. O ní, "Ṣé nítorí wíwò ni wọ́n á ṣe máa sanwó oṣù fún ènìyàn? Kí ìyàwó mi náà wá gbaṣẹ́ nígbà náà, kò sí ohun tí kì í wò ní àdúgbò wa." Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń pè é ní Ìyá Aláwòran. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn jẹ́ kí ẹ máa pè é ni, èyí sì burú ju pípè lọ, nítorí yẹ̀yẹ́ tí àgbà bá gbà láyè ti di òfin nìyẹn.

Ràfíátù ní kí a pín àdògán mi fún àwọn obìnrin kan kí wọ́n dán an wò. Èmi ni mo yan àwọn obìnrin náà, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e fún wọn. Ràhámátù wà lára wọn, nítorí ọkà ni ó ń rò tà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Dantokpa ní Kútọnu níbí. Ràfíátù a máa lọ jókòó tì wọ́n, a máa wò. Nígbà tí ó dé, mo bi í níwájú gbogbo yín pé, "Mádémọ̀sẹ́ẹ̀lì, kí ni àwọn obìnrin wí?" Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ó dára." Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́ o!" Ẹ̀yin náà hó yèè. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ni wọ́n ti gbà á. Ta ni yóò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà tí yóò ní kò dára? N kò fi ti ẹnu wọn ṣe. Ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò." Ṣẹ̀ríìfù ní, "Ẹsẹ̀ kẹ̀! Ṣé bàtà ni a ń tà?" Ó dá a lóhùn láìbínú pé, "Bí obìnrin bá ń ro ọkà, kì í ṣe apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Orí àpótí ló jókòó lé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń ti àdògán kí ó má baà yẹ̀. Àdògán àtijọ́ kúrú, ó wúwo, ẹsẹ̀ rí i tì. Tiyín ga, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọkà bá ti ń le, gbogbo rẹ̀ á máa mì. Àwọn obìnrin yẹn ń fi ẹsẹ̀ ara wọn há irin gbígbóná mọ́lẹ̀. Bàbá, ẹnu lè bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹsẹ̀ kò mọ ọ̀wọ̀."

Gbólóhùn yẹn ni ó lù mí. Mo rò ó pé ọmọ tí kò tó àbíkẹ́yìn mi ni ó ń fi ẹsẹ̀ obìnrin dá mi lẹ́jọ́ níwájú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. N kò rò pé ó ń gbà mí là. Èyí tí ó sì burú jù ni pé mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ti yà sí ọ̀dọ̀ Ràhámátù ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mo dúró ní ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀, mo sì rí i. Àdògán mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo yí padà kí ó tó rí mi. Nígbà tí mo dé ibí, mo ní kí ẹ tẹ̀síwájú.

Nígbà tí Ràfíátù rí i pé ọ̀rọ̀ kò wọ̀ wá létí, ó lọ bá Pàtíróọ̀nù. Ó ní, "N kò ní ṣàlàyé mọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lọ sí àgbàlá Ràhámátù. Kí àwọn obìnrin náà péjọ síbẹ̀ pẹ̀lú àdògán wọn, kí wọ́n ro ọkà, kí ẹ̀yin kàn jókòó, kí ẹ wò. Bí ẹ kò bá rí ohun tí mo rí, n óò gbé báàgì mi." Pàtíróọ̀nù gbà. Ẹ̀yin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Aláwòran fẹ́ sọ gbogbo yín di aláwòran. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ máa rí.

Mo délé, mo pe Kúbúrá. Mo ní, "Lọ bá àwọn obìnrin yẹn fún mi. Sọ fún wọn pé àwọn ẹni ńlá ló ń bọ̀, Pàtíróọ̀nù fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Kí wọ́n má fi ọkà dójú tì mí. Ìrẹsì ni kí wọ́n sè." Kúbúrá wò mí. Ó ní, "Bàbá Àbídéènì, ṣé nítorí àlejò ni, àbí nítorí àdògán?" Mo ní, "Iṣẹ́ ni mo rán ọ." Ó wé gèlè rẹ̀, ó lọ. Ẹ wo bí mo ṣe mọ àṣà ilé wa tó. N kò ní kí ẹnikẹ́ni parọ́. N kò há owó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwà rere wọn ni mo mú, mo sì fi ṣe ìbòjú fún irin tí kò dára. Nínú àwa tí a wá láti Ṣakété, ta ni ó ń gbé ọkà síwájú àlejò pàtàkì? Ràfíátù tí ó ti wo gbogbo nǹkan kò rántí wo ibẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ náà. Òórùn ata díndín ni ó pàdé wa ní ẹnu ọ̀nà. Ràfíátù sáré wọlé ṣáájú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ìyá mi, ọkà ni a jọ sọ!" Ràhámátù, ìwọ ni o dá a lóhùn: "Ọkà kẹ̀? Fún ta? Ṣé kí wọ́n lọ máa sọ ọ́ káàkiri Kútọnu pé ọkà ni mo fi ṣe Pàtíróọ̀nù lálejò?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro díẹ̀ péré, kí wọ́n kàn rí i." O ní, "Jókòó, ọmọ mi, o ti rù jù. Ìwọ náà á jẹ níbẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àdògán mi tò lẹ́sẹẹsẹ, ìrẹsì ń hó lórí wọn jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìrẹsì kò ní ohun tí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣe. Háàrúnà, ìwọ tí o ń bá wa ta ọjà, o lá ìka rẹ, o ní, "Bí dizáyìn bá rí báyìí, kí a máa lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo." Pàtíróọ̀nù fi aṣọ nu ọwọ́, ó ní, "Ràfíátù, a ti wò. Ìrẹsì dùn." Ọmọbìnrin náà wo àwọn obìnrin, ó wo Kúbúrá tí ó ń bu ọbẹ̀ fún wa, Kúbúrá sì tẹ orí ba. Ó wá wo èmi. Mo rí i pé ó ti yé e. Mo ń jẹ ẹran nìṣó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí ó máa lọ. Ó wá kí mi kí ó tó lọ, nítorí wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti borí mi. Ẹ kò tíì borí ọkà." Mo ní kí Ọlọ́run bá a lọ. Omi ti ń kùn báyìí, ẹ gbọ́ ọ. Mo ti po ìyẹ̀fun díẹ̀ sí omi tútù, ẹ jẹ́ kí n dà á sí i. Kúbúrá a máa kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tó di pé yóò le. Mo mọ èyí nísinsìnyí. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n nígbà tí ó wà láàyè.

Àdògán náà dé ọjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ọkà ṣe ń le lọ́wọ́ Ràhámátù, àdògán yẹ̀, ìkòkò dà lé e nítan. Ẹ̀yin tí ọkà gbígbóná ti ta sí lára rí mọ̀ pé kò rí bí omi. Omi a máa ṣàn lọ. Ọkà a máa lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lórí alùpùpù zẹ́míjàn, obìnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Pàtíróọ̀nù pe ìpàdé ní ọjọ́ kejì. Háàrúnà, mo máa sọ èyí fún ìyìn rẹ, ìwọ nìkan ni o sọ̀rọ̀. O ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí ọmọbìnrin yẹn wí nìyí? Ẹ jẹ́ kí a dá títà dúró ná, kí a pè é padà." Pàtíróọ̀nù kọjú sí mi, ó ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹbí yín ni obìnrin náà. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Ibí ni ó wà. Ibí yìí ni mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ iná yìí díẹ̀. Mo dìde, mo bọ́ fìlà mi bí ẹni tí àánú ń ṣe, mo ní, "Kì í ṣe àdògán. Wárápá ló gbé e." Mo ní ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Mo ní ẹbí ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, kí ẹ má jẹ́ kí ó jáde níbí. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ohùn àánú ni mo fi pa á. Ẹ̀yin sì mí kanlẹ̀, gbogbo yín, nítorí pé àdògán ti bọ́ nínú ẹ̀bi. Kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè kejì, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi yan wárápá, nítorí àwa kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kejì lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi báyìí, kí ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa. Ràhámátù kò ní wárápá. Kò ní in rí. Kò sí ní ilé bàbá rẹ̀, kò sí ní ilé ìyá rẹ̀. Èmi ni mo dá irọ́ náà sílẹ̀ lórí ìdúró, nínú àtẹlíyè yìí, kí àwòrán mi má baà bàjẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe jáde, nítorí ẹnu yín ni ó gbà jáde. Nígbà tí ìtan Ràhámátù san díẹ̀ tí ó padà sí ìsọ̀, kò sí ẹni tí ó ra ọkà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa ń tò níwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kúrò ní ìdí ìkòkò omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Kétu, tí wọ́n ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀ Màríámù, dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Wọn kò sọ̀rọ̀ àfojúdi kankan. Wọ́n kàn ní àwọn ṣì ń wádìí ẹbí. Màríámù nìyẹn tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ mi, èmi ni ìwádìí tí wọ́n ṣe.

Kúbúrá gbọ́. Ó dúró dè mí ní ẹnu ìlẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá Àbídéènì, ẹ padà lọ gbé ohun tí ẹ gbé lé ọmọ ìyá mi lórí." Mo ní, "Ẹyin lohùn, ó ti fọ́." Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jù ú sílẹ̀." Mo kọjá lára rẹ̀ wọlé. Ó tẹ̀ lé mi, ó ní, "Àdògán yín náà, ṣé ó dára?" Mo ní, "Ó dára." Ó ní, "Ẹ gbé ọ̀kan wá fún mi." Inú mi dùn, ẹ̀yin ènìyàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo yan èyí tí ó dán jù, mo gbé e délé. Láti ìgbà náà, orí rẹ̀ ni ó ń ro ọkà mi, ní ẹ̀yìn ògiri ìdáná tí ọkùnrin ilé wa kì í wọ̀. Mo ń jẹun. Mo ń wá síbí, mo ń sọ fún yín pé, "Ìyàwó mi ń lò ó lójoojúmọ́, kò ṣubú rí." Ẹ sì ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ fún àwọn oníbàárà. Ní ọ̀sán, Kúbúrá a máa lọ sí ìsọ̀ Ràhámátù, a máa jókòó sí gbangba, a máa fi ife Ràhámátù mu omi kí gbogbo ọjà lè rí i. Kò sọ fún mi. Ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí èmi rí kò ju pé ó fẹ́ràn láti máa lé làálì sẹ́sẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, dúdú kìjikìji, títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo máa ń yìn ín. Mo ní, "Ìyá Àbídéènì, o tún ti di ọmọge." Á rẹ́rìn-ín, á fa ẹsẹ̀ sábẹ́ ìró.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó mú un lọ. Ràhámátù wà lára àwọn tí ó wá wẹ̀ ẹ́, ó ń tiro wọlé. Wọ́n ní kí n wá bu omi sí i lára, nítorí ẹ̀tọ́ ọkọ ni. Làálì ti ṣí kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà àìsàn. Mo bu omi sí orí, mo bu sí èjìká, mo dé ibi ẹsẹ̀, ọwọ́ mi kò lọ mọ́. Àpá iná ni ó wà ní inú ẹsẹ̀ méjèèjì, láti orí àtàǹpàkò dé kókósẹ̀, èyí tí ó ti pẹ́ lábẹ́ èyí tuntun. Mo mọ bí àpá náà ṣe tẹ̀. Èmi ni mo tẹ irin náà bẹ́ẹ̀. Ràhámátù di ẹsẹ̀ náà mú fún mi. Ó ní, "Ẹ bu omi sí i, Bàbá Àbídéènì. Ẹsẹ̀ tí kò jẹ́ kí àdògán yín ṣubú nìyẹn." Kò pariwo. Ó kàn tún sọ pé, "Mo ti mọ̀ tipẹ́ ẹni tí ó ní mo ní wárápá. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá orúkọ yín rí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń fi ife mi mu omi, ó dà bí ẹni tí ń san gbèsè ọkọ rẹ̀." Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀. Mo gbà pé Kúbúrá ń dúró de ọjọ́ tí n óò wọ ìdáná wá wò ni. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ni. N kò wọlé.

Ohun tí ó tún ń dùn mí nìyí, ẹ̀yin ará àtẹlíyè. Lẹ́yìn ìsìnkú mo wá bá yín. Mo ní kí a dá ọkọ̀ dúró, kí a lọ jókòó ti àwọn obìnrin, kí a wò wọ́n. Pàtíróọ̀nù, ẹ di èjìká mi mú, ẹ ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ̀dùn ọkàn ni. Ẹ lọ sinmi." Háàrúnà, o ní, "Bàbá, bí ó bá ń ṣubú, ta ni ó wá fẹjọ́ sùn?" Mo ní wọn kì í fẹjọ́ sùn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ dì í mú. Ṣẹ̀ríìfù, o ní, "Háà, Bàbá Aláwòran! Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé obìnrin kò mọ irin." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, ẹ sì wojú mi bóyá n óò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín. Gbogbo ohun tí mo sọ sí Ràfíátù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ dá a padà fún mi, bí mo ṣe kọ́ yín gan-an. Mo lọ sílé, mo fi ọwọ́ gbá ògiri. Kò sí ohun tí ó ń bí ènìyàn nínú bí kí ó máa bá ẹnu ara rẹ̀ jà lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Sèmè-Kpodji, níbi tí Ràfíátù wà báyìí. Àwọn tí ń ṣe ààrò ìyan-ẹja ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Mo bá a lórí yanrìn, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin tí ń yan ẹja, èéfín ti pọ́n ọn lójú, ó ń wo ọwọ́ wọn. Mo bọ́ fìlà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìrẹsì àti ti wárápá. Nígbà tí ó gbọ́ ti wárápá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kí ó bá mi wá, kí ó wá ṣàlàyé fún yín, nítorí òun ni ó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Ó ní, "Bàbá, n kò ní wá. Bí mo bá wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n á máa wò. Àdògán ni kí wọ́n wò. Èmi náà ṣàlàyé títí, ẹ rí ibi tí ó já sí. Ẹ gbé ìkòkò kaná, kí ẹ jẹ́ kí ọkùnrin ro ọkà." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ gba ti Ràhámátù. Tèmi lè dúró."

Ràhámátù, mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́ níwájú àwọn tí mo ti bà ọ́ jẹ́. N óò lọ sí Kétu fúnra mi, ìwọ kò ní rán mi, n óò jókòó níwájú àwọn ẹbí náà, n óò sọ ohun tí mo sọ níbí, bí wọ́n bá sì lé mi, n óò tún padà lọ. Bí o kò bá lè dárí jì mí, n kò ní bínú. N kò sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ó kù sọ pé Ọlọ́run á dárí jì mí, kí ẹ sì máa nu ẹnu lọ sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí, tí ẹ ń fi ọwọ́ dá nǹkan fún ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún yín tàn yín. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ yín dára, ẹ bá a délé.

Omi ti di ẹ̀kọ báyìí, ó ń ta pòròpòrò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ sún sẹ́yìn. Mo ti wọ bàtà ìjórin, n kò ní ẹsẹ̀ tí Kúbúrá ní. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí, nítorí náà mo mọ ohun tí ó ń bọ̀. Mo ń da ìyẹ̀fun tí ó kù sí i. Ó ti ń le. Ṣẹ̀ríìfù, dìde, ọmọ mi, súnmọ́ ìhín, orógùn kejì nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dárí jì mí, kí ó wá gbà á lọ́wọ́ mi bí apá mi bá kọ̀. Pàtíróọ̀nù, ẹ sún ìjókòó yín síwájú díẹ̀. Gbogbo yín, ẹ má wo ẹnu mi mọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi.